Òpó Irin àti Àgbò Ọ̀gá Wa

Òjìji òpó náà ni mo kọ́kọ́ rí tó ń rìn. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ń jẹ ìkọ́kọ́rẹ́, òjìji náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n tó tún bu ṣíbí mìíràn, ó ti gun ẹsẹ̀ mi. Oòrùn kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá kan la ń kọ́ fún yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà. Irin ni òpó rẹ̀, irú èyí tó rí bíi lẹ́tà H, tí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ dáadáa. Bí a bá ti gbé ọ̀kan nàró, a ó fi bóòtù díẹ̀ dè é nídìí, a ó sì fi okùn fà á mọ́ èèkàn ní igun mẹ́rin, títí irin ìdábùú yóò fi dé orí rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Okùn kan ti dẹ̀. Mo fojú tẹ̀ lé e wálẹ̀: kò sí lára èèkàn mọ́, ọrùn àgbò ló wà. Ọ̀gá wa ló ra àgbò náà sílẹ̀ de Iléyá. Àgbò já okùn tirẹ̀, ọ̀gá sì yá tiwa.

"Òpó ń wó!" Mo ti dé ojú títì kí n tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn yòókù dì mọ́ okùn, wọ́n ń fà á, àgbò wà láàárín wọn.

"Ẹ rọra! Ẹ má fún àgbò mi lọ́rùn o!"

"Ọ̀gá, àwa náà lọ́rùn!"

Wọ́n rí i so padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò jẹun nítòsí òpó kankan mọ́.

"Bọ̀dá, ṣé Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ ti fẹ́ lọ jẹun lónìí ni?" Bí wọ́n ṣe ń bi mí nìyẹn lójoojúmọ́. Mo ń gbé abọ́ mi lọ. Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, irin ìdábùú dé orí gbogbo òpó, wọ́n sì di gbogbo bóòtù le. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tú okùn tó kẹ́yìn. Èmi ń wò ó láti ojú títì.

"Ó parí! Wá fẹ̀yìn tì í."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì í, sà."

Ó fẹ̀yìn tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjú sọ́nà. Òpó kò mì. Mo rìn lọ, mo fi ìka kan kàn án, lẹ́yìn náà ni èmi náà fẹ̀yìn tì í.