Agbe Tí Mo Yà ní Fọ́tò

Òórùn kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ló kún abà mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn kíkan tó máa ń ta síni nímú bí ẹmu àná. Abà ọ̀hún kò jìnnà sí ọ̀nà tó ti Emùré lọ sí Ìsẹ̀. Igi òdán kan wà lẹ́yìn ibi tí mo ń sá kòkó sí, èso rẹ̀ sì ti pọ́n. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ ti fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ya fọ́tò. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ti ní ìyẹ́ ni mò ń yà: ẹ̀gà, lékeléke, àdàbà, títí kan àkùkọ aládùúgbò tó máa ń tú kòkó mi ká.

Mo gbójú sókè, mo rí i. Ẹyẹ náà tóbi ju awó lọ, ìrù rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró. Ògbe dúdú wà lórí rẹ̀ bí fìlà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ, ó sì ń sáré lórí ẹ̀ka bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Agbe ni. Bàbá mi ló fi hàn mí nígbà tí igbó ṣì wà níhà ibí. Mo ya mẹ́ta, ọ̀kan sì mọ́ kedere.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni mo ní ẹja kan fi ìrù gbá mi létí lódò Ògbèsè, tó sì tún padà wá bẹ̀ mí. Èmi náà ni mo ní ìgbín kan ń bá mi wọ́ ọkọ́ lọ sóko. N kò sẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àtinúdá ni mo fi dí ìyókù. Àmọ́ òótọ́ lèyí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi lórúkọ ní Emùré. Ọdẹ ni ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹgbẹ́ mi sì ni. Alàgbà ìjọ wa dìde, ó súre pé agbe kì í ráhùn aró, kí ọmọ náà má ráhùn owó. Àmín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù. Mo wá rọra béèrè ta ló rí agbe rí nínú wọn. Kò sí ẹnì kan. Mo yọ fóònù jáde. Bó ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ẹ̀rín ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti fà á jáde. Obìnrin kan bi mí bóyá ẹyẹ yìí náà kò fi ìrù gbá mi létí. Ẹ gbà mí o, ẹyẹ tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ súre sórí gbogbo ọmọ ìlú, wọn ò dá ojú rẹ̀ mọ̀!

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí, ọdẹ tó bá ní òun pa ẹran, ìrù ló ń mú wọ̀lú. Ó wọ ilé, ó gbé ìbọn jáde.

"Ọ̀rẹ́, tó bá jẹ́ òótọ́, mú mi débẹ̀. Kílẹ̀ ó tó ṣú, ìyẹ́ agbe á wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, kò sì sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní òpùrọ́ mọ́."

Láti kékeré ni mo ti ń retí ẹni tó máa sọ gbólóhùn yẹn. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Èmi ń wo fọ́tò. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo rí, n kò mọ̀ bóyá ó ní èkejì.

"Irọ́ ni mo pa," ni mo wí. "Bí mo ṣe gba fóònù náà ni mo ti bá a nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín dá wọn lulẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìbọn padà wọlé, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Alàgbà ní kí n ronú pìwà dà.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, inú ṣì ń bí mi. Òótọ́ kan tí mo ní, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ di irọ́, nítorí àwọn tí kò lè gba ẹyẹ gbọ́ àfi tó bá kú. Wọ́n ní irọ́ niṣẹ́ mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, èyí tí mo pa lọ́jọ́ náà ló níyì jù, òun nìkan sì ni wọn ò mọ̀ pé mo pa.