Kásẹ́ẹ̀tì Tó Gba Ọkàn Màámi

Màámi ń dákú. Kì í ṣe àìsàn tó ń dá wọn dùbúlẹ̀ o. Wọ́n á jókòó nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ojú wọn á ṣú, wọ́n á ṣubú. Lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọwọ́ wọn bọ́ sínú agbada gbígbóná. Kí wọ́n tó jí, àtẹ́lẹwọ́ ti bó. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò ju pé lọ́jọ́ kan, inú iná gan-an ni wọ́n máa ṣubú sí.

Mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kan ní Iléṣà. Dókítà gbọ́ àyà wọn títí, kò rí nǹkan kan. Ó ní irú ọkàn yìí kì í ṣe ségesège níwájú dókítà, ẹnu iṣẹ́ lèèyàn ti máa ń ká a mọ́. Lásìkò ìjọba ológun yẹn, omi ìfọwọ́ gan-an ṣọ̀wọ́n nílé ìwòsàn, àmọ́ ó rí ẹ̀rọ kan yá láti Ìbàdàn. Kò ju rédíò kékeré lọ, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ìbàdí aláìsàn, wọ́n á fi wáyà lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, yóò wà lára rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, ó sì ń padà lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn: “Màmá, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é. Gbogbo ohun tó bá ń lọ lọ́kàn yín ni kásẹ́ẹ̀tì yìí máa gbà sílẹ̀. Tó bá dọ̀la, a ó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Màámi bi í bóyá gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Wọ́n mi orí, wọ́n sì ká bùbá sókè kó lè so ó mọ́ wọn. Èmi padà sí Òṣogbo, torí ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ní Alẹ́kùwodò ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá mi ń ṣàìsàn.

Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ààrò tutù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin wà nínú àpò, ẹnì kan ò fọwọ́ kàn án. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, wọ́n nà gbọnrangandan, Bíbélì wà lórí ikùn, wáyà ń yọ lọ́rùn bùbá. Mo bi wọ́n bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n fi ìka dí ẹnu, wọ́n sì nàka sí ẹ̀rọ. Ìgbà tí wọ́n tú u kúrò lára wọn nílé ìwòsàn ni wọ́n tó lanu.

“Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi lórí ilé bàbá wa. Bí mo bá ti jókòó ti gàrí báyìí, gbogbo èpè tí mi ò lè ṣẹ́ lójú ẹ̀ ni mo máa ń ṣẹ́ lọ́kàn. Ṣé ìyẹn ni kí dókítà wá máa gbọ́? Mo bá dùbúlẹ̀, mò ń ka Sáàmù.”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Ọkàn tó ń lù kìkì ni dókítà ń sọ, ọkàn tó ń rò ni màámi gbọ́. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Yorùbá gidi ni dókítà sọ, Yorùbá gidi náà ni màámi gbọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì fi hàn pé ọkàn wọn lù déédéé látòkè délẹ̀. Mo bẹ dókítà pé kó jẹ́ ká tún ẹ̀rọ náà so. Ó ní aláìsàn mìíràn ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn ó di Ìbàdàn. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ká mi lọ́wọ́ kò. Lójú ọ̀nà, mo ṣàlàyé fún màámi títí ẹnu mi fi gbẹ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àmọ́ kí n dá àwọn lóhùn kan: ṣé ẹ̀rọ yẹn rí nǹkan burúkú kan lọ́kàn àwọn? Mo ní kò rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ẹ̀rọ òyìnbó tú ọkàn àwọn wò tọ̀sán tòru, kò bá ohun ibi kankan níbẹ̀. Gbogbo ìjọ hó Halelúyà. Àbúrò wọn tí wọ́n ń bá jà gan-an dìde, ó wá dì mọ́ wọn, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú màámi. Mo pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù.

Nígbà tí a délé, wọ́n bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ náà ò ní dúró di ọ̀la, kí n bá àwọn dáná sí ààrò. Mo dá a.