Oko Ẹ̀gẹ́ Ẹ̀yìn Àwọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Pobè kọjú sí pápá bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú, àǹtìrénẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ìyá wa fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni atamátàsé wọn. Atamátàsé! Lọ́dún náà, kò ta nǹkan kan, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá iwájú kò sì ta. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbé dé ẹnu àwọ̀n, ibẹ̀ ló ń kú sí.

Àwọn alátìlẹ́yìn a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa jiyàn.

"Àǹtìrénẹ̀ ni kò mọṣẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́, kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Irọ́ ni! Ta ló lè kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀kọ tútù ní bọ́ọ̀lù? Àwọn ọmọ yẹn ni kò ní ẹ̀bùn."

Nínú àwọn tó ń pariwo yìí, kò sí ẹni tó lè sáré dé ìdí máńgòrò láì mí hẹlẹhẹlẹ. Ì bá pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Alága ẹgbẹ́ ti sọ pé bí wọn kò bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní Sakété lọ́jọ́ Àìkú, àwọn alátìlẹ́yìn á nawọ́ dìbò, wọ́n á sì lé ọ̀kan lọ nínú àwọn méjèèjì. Èyí tó wù kí wọ́n lé, ilé mi ni yóò tú. Bí wọ́n bá lé ọkọ mi, yóò ní àbúrò ìyàwó òun ló ba òun jẹ́. Bí wọ́n bá lé àbúrò mi, kò ní sùn mọ́ lábẹ́ òrùlé ẹni tó jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn jẹun mọ́. Abọ́ méjì ni mò ń bu oúnjẹ sí.

Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n dáadáa nígbà ìdánrawò. Ẹ̀yìn àwọ̀n, oko ẹ̀gẹ́ ni, ó dí pátápátá. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní, ọkọ mi sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá gbá a kọjá àwọ̀n ni yóò wọ oko lọ wá a, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń gbá a tààrà. Òfin náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ láti Igana nítòsí ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n mọ ohun tó ń sùn nídìí ẹ̀gẹ́. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ paramọ́lẹ̀ níbẹ̀, bó bá dé iwájú àwọ̀n, á gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a, ẹsẹ̀ náà á rọ̀, á sì ta bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn náà á ta á padà.

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi, ẹ̀rù kò jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, òfin rẹ̀ ni mo bá wí, àbúrò mi á sì di ojo lójú ìlú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Sakété. Ẹ̀yìn àwọ̀n tiwọn, ògiri ni, kò sí ewé kan níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù bá àbúrò mi lẹ́sẹ̀, ó ku òun àti aṣọ́lé. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ náà rọ̀. Ó ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Wọ́n nà wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, alága ní kí àwọn tó rí i pé àǹtìrénẹ̀ ló jẹ̀bi nawọ́. Ọwọ́ ti ń gòkè nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ̀rù oko ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń bà wọ́n. Ẹ bi wọ́n, ta ló fẹ́ lọ wá bọ́ọ̀lù níbẹ̀?"

Àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ orí ba. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Alága ní kí wọ́n sọwọ́ kalẹ̀, òun á tún un rò. Ọkọ mi gun ọ̀kadà tirẹ̀ padà sí Pobè, kò dúró dè mí. Mo rò pé ẹnu ara mi ni mo fi tú ilé mi ká.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ránṣọ nígbà tí ọkọ mi gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní pápá níwájú àbúrò mi.

"Gbá a. Fi gbogbo agbára rẹ gbá a."

Àbúrò mi gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá àwọ̀n, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó mira. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló wọ oko, ewé sì bò ó. A dúró, dúró, a kò gbọ́ nǹkan kan.

"Fòfó!" Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ṣe máa ń pè é, bí ẹni pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sáré wọ oko tẹ̀lé e.

Ẹnì kan ni mo ti ń bẹ̀rù pé n ó pàdánù, àwọn méjèèjì ló wá wà nínú oko yìí. Mo sáré la pápá kọjá láì wọ bàtà, mo dúró létí ẹ̀gẹ́, mò ń pè wọ́n.

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ fò jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú bí àwọn ọmọdé. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹnì kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ kan ṣoṣo ni mo bu oúnjẹ sí, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sí àárín wọn.