Ìyá Àgbà àti Àwọn Tó Ń Kí I Lórí Fóònù

Bí fóònù mi bá ti dún báyìí, ohùn ìyá àgbà ló ń sọ sí mi lọ́kàn: “Ó ku ta ni?”

Ìyá ìyá mi ni, ó ń mọ ìkòkò tà ní Èsìẹ́. Èmi ni mo ya fídíò rẹ̀ nídìí iṣẹ́, tí mo gbé e sórí ayélujára kí ọjà lè yá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.” Àṣìṣe mi ni pé mo kà á sí i létí. Ló bá nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n máa dárúkọ wọn, ó ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

“Ìyá àgbà, ìkòkò yín ń gbẹ o, kò tíì lẹ́nu.”

“Wọ́n kí mi, kí n wá dákẹ́? Ó ku ta ni?”

Ojoojúmọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan kan.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. “Ó ku ta ni?”

Mo wo fóònù. “Ó ti tán, ìyá àgbà. Ẹ ti dá gbogbo wọn lóhùn.”

Ó mí kanlẹ̀, ó pajú dé.

N kò tíì kà dé ìdajì.