Orúkọ Tí Wọ́n Fi Gba Ìwé Ogún Bàbá Mi

Ìyá mi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí àbúrò bàbá mi mú ọkùnrin kan wọlé tòun ti okùn ìwọnlẹ̀. Wọn kò kí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láti ìdí kànga dé etí títì, wọ́n sì na okùn náà gba abẹ́ aṣọ tútù kọjá bí ẹni pé òpó ni obìnrin tó dúró níbẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ ń wọ̀n?"

Ọkọ ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe gbogbo ẹni tó ti wà nínú ẹbí kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Àbúrò bàbá mi kò tilẹ̀ wo ibi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ìyàwó, tètè máa wá ibi tí o máa kó lọ. Kóòtù ti gbé ilé yìí lé mi lọ́wọ́."

Mo jáde láti inú yàrá. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò agbádá rẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ pupa tó wà lórí rẹ̀ hàn mí, ṣùgbọ́n kí n tó sún mọ́ ọn, ó ti ká a padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kà á."

"Ìwà tíṣà ló ń dà ẹ́ láàmú. Lọ máa kọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lórin."

Tíṣà ni mí lóòótọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ìsọlọ̀. Ìjọ yẹn ló kọ́ mi níwèé láti kékeré, òun ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mi ò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí orin kankan lẹ́nu mi.

Gáàdì ni bàbá mi nínú ọkọ̀ ojú irin. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Mafoluku nígbà tó ra ilẹ̀ náà, nígbà tí Ìsọlọ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í pé ṣé òun àti ọ̀yà ló fẹ́ jọ máa gbébẹ̀. Ó ń kọ́ ilé náà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, bí owó bá ṣe wọlé. Ìyá mi ló ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dúbúlẹ̀, inú yàrá tó kọ́kọ́ kọ́ ló kú sí, ọwọ́ ìyá mi ló sì kú sí. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé sójú táyé. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá ń wá kiri. Wọ́n ń la títì, wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́. Àbúrò bàbá mi ń ta sìmẹ́ńtì ní Òṣòdì, ó sì mọ ẹni tó ń kọ́lé àti ẹni tó ń wá ilẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo lọ bá àlùfáà ìjọ wa. Ó ní kí n má jókòó sunkún. Ó ní ìwé tí kóòtù fi gbé ogún òkú lé ènìyàn lọ́wọ́ kì í ṣe ìwé àṣírí. Ọ́fíìsì kan wà nílé ẹjọ́ ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ béèrè. Wàá sọ orúkọ ẹni tó kú àti ọdún tó kú, wàá san owó ìwákiri, wọn á yẹ ìwé ńlá wò. Bí wọ́n bá rí i, wàá tọrọ ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣòdì dé Ìddó, mo sì wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé kò ju ọmọ tí mo lè ti kọ́ ní kíláàsì lọ. Ó wọ bàtà gíga, ó sì ń jẹ ẹ̀pà. Mo sọ orúkọ bàbá mi, èyí tí wọ́n fún un nígbà ìrìbọmi àti èyí tí gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ ń kọ sẹ́yìn tiwa. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tó kún fún èèpo ẹ̀pà wọ́ ojú ewé lọ sísàlẹ̀.

"Kò sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wò ó. Mo fojú mi rí òǹtẹ̀ yín lórí ìwé náà."

"Àǹtí, òǹtẹ̀ pọ̀ l'Ékòó. Ẹlòmíràn ló kàn."

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí i. Mo ní kí ó wo ọdún kejì, ó ní mo ní láti san owó ìwákiri mìíràn. Mo san án. Kò sí i. Mo bi í bóyá àbúrò bàbá mi ti bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí rédíò rẹ̀ sókè. Títí di òní, ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ọmọkùnrin yẹn ni pé kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Yorùbá ni. Ó mọ̀ pé ènìyàn wa kan lè ní orúkọ bíi mẹ́rin, kí ó máa jẹ́ ọ̀kan níbi iṣẹ́, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu rẹ̀ kò yà láti béèrè. Ẹ̀pà ni ẹnu rẹ̀ wà fún.

Àbúrò bàbá mi wá ránṣẹ́ pé kí oṣù náà tó tán, òun fẹ́ kí ilé òfo. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó ní òun máa bá mi lọ.

Ọkùnrin kan tó ti ká apá agbádá sí èjìká wà níwájú wa lórí ìlà. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé náà rí mi, ó mí kanlẹ̀, ó wá kọjú sí ìyá mi.

"Ìyá, ẹ sọ orúkọ olóògbé."

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni."

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin alágbádá náà yíjú padà. "Ìyá, 'Bàbá àwọn ọmọ mi' pọ̀ nínú ìwé yẹn o. Ti èmi gan-an wà níbẹ̀."

"Mi ò kì í dá a lórúkọ," ni ìyá mi wí.

"Ṣé ó máa dìde bá yín jà ni?" Akọ̀wé náà ti ń gbádùn ara rẹ̀.

Mo sọ orúkọ náà fúnra mi, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ju òkúta. Ó wọ́ ìka sísàlẹ̀. Kò sí i. Mo fa ìyá mi lọ sórí bẹ́ǹṣì, omijé ìbínú ń dà lójú mi, mo sì ń sọ pé wọ́n ti ra gbogbo wọn pátá, láti ẹnu ọ̀nà dé orí adájọ́.

Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Orúkọ tí ò ń pè yẹn kọ́ ni ilé wọn ń jẹ́."

"Kí ni ilé wọn ń jẹ́?"

"Orúkọ bàbá wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n mú èmi àti àwọn àbúrò mi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, orúkọ bàbá wa fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá kọ sẹ́yìn tiwa, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ nígbà náà. Bàbá mi pẹ̀lú kò kọ orúkọ bàbá tirẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣèrìbọmi, nítorí orúkọ òrìṣà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ń pè ní Bàbá Àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó ń pe àgbàlagbà lórúkọ níṣojú ọmọdé. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi kò yí tirẹ̀ padà ní ìgbà kankan. Ó fi orúkọ bàbá wọn kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún kóòtù, kí orúkọ àwọn méjèèjì lè bára mu, kí tiwa má sì bá a mu.

"Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí?"

"O ò bi mí. Mo rò pé ohun tí ò ń sọ fún wọn nìyẹn."

"Ó dáa, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá ọkọ mi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, mi ò pè é rí. Bí ọmọdé bá tiẹ̀ jẹ́ irú orúkọ yẹn ládùúgbò, mo máa ń fún un ní òmíràn ni."

Inú bí mi sí ìyá mi náà. Mo sọ fún un pé àṣà asán ni, pé onígbàgbọ́ ló jẹ́, pé ilé ń bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí ọ̀wọ̀ òkú. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ó ní ẹnu òun kò mọ̀ ọ́n pè ni. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba iwájú ìlà kọjá, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Ó di irin ojú fèrèsé mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí," ó yí ojú sí ògiri, ó sì pe orúkọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn, kedere, bí ẹni tó ń ka ìwé, òun tí kò mọ̀wé.

Akọ̀wé náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ìwé ńlá mìíràn, ó ṣí i, ìka rẹ̀ dúró.

"Ó wà níbí," ó ní.

Mo san owó ẹ̀dà. Ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, a sì padà wá. Orí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ náà ni mo ti ka ìwé ìbúra tí àbúrò bàbá mi kọ fún kóòtù sétí ìyá mi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á. Ó búra pé ẹ̀gbọ́n òun kú láìní ìyàwó, kò sì bímọ. Ó búra pé òun nìkan ni ẹbí tó kù fún un láyé. Ẹni méjì tí mi ò mọ̀ rí ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó bá ní àtakò jáde. Bí mo bá tilẹ̀ kà á, n kì bá tí mọ̀ pé bàbá mi ni.

"Tún ibi ìyàwó yẹn kà," ni ìyá mi wí.

Mo tún un kà.

"Wọn ò sọ ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń ṣàìsàn?"

"Wọn ò sọ ọ́, Màámi."

Ó ká aṣọ ìborùn rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó ní ká máa lọ kí ọkọ̀ ojú irin má bàa fi wá sílẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì, èmi kò tẹ̀ lé e lọ sílé. Mo gba ojú irin kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì. Àbúrò bàbá mi jókòó láàrin àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi, mo sì ka ìwé ìbúra náà sókè lórí ìkúnlẹ̀ mi.

"Lọ́yà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Ta ló búra, sà?"

"Mo fẹ́ tà á kí n fi owó rẹ̀ tọ́jú yín ni. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ mú bàbá ẹ lọ kóòtù?"

"Bàbá mi ti kú. Ìwé yín sì sọ pé kò bímọ, ẹ ò wá lè pè mí lọ́mọ."

Oníbàárà kan rọra gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá.

Lọ́yà kan nínú ìjọ wa gba ẹjọ́ náà. Ìwé ìgbéyàwó bàbá àti ìyá mi wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìrìbọmi àwa ọmọ náà wà níbẹ̀, àlùfáà sì wá jẹ́rìí pé orúkọ méjèèjì ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ọlọ́run ṣàánú wa. Kóòtù gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ òmíràn fún ìyá mi àti èmi. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mo ń dúpẹ́ dòní. Àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀bẹ̀, ìyá mi sì ní òun ti dárí jì í. Kò sẹ́ni tó bi èmi léèrè.

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti da iyanrìn síwájú ilé wa nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, láti fi hàn pé tòun ni. Ní ọjọ́ kejì tí a gbàwé wá, ìyá mi ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá kó o. Àwọn lébìrà dé ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú típà, wọ́n ń wa iyanrìn, òógùn ń dà lára wọn. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ sórí àyà, mo sì ń wò wọ́n títí wọ́n fi gbá ilẹ̀ mọ́. Ìyá mi gbé omi jáde nínú korobá, ó ń bù fún wọn mu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn kú iṣẹ́. Ó ní kí n bá òun mú ife kejì wá láti inú ilé. Mi ò lọ.