Ìgbà Tí Orin Àwọn Ọmọ Yẹn Rí Ègbè

Ẹ má bínú sí mi o. Orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́. Ọdún tó ṣẹlẹ̀, mi ò lè sọ. Àsìkò òjò ni, ìyẹn dá mi lójú. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí èmi ò kàwé. Má gé e kúrú o, ọmọ mi. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tí mo bá sọ, kọ gbogbo ẹ̀.

Bàbá ẹ ló ń ta gìtá. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wa l'Ókòta níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní rọ́ọ̀kì ni, orin òyìnbó kan. Ṣùgbọ́n orin yẹn ò lórí, kò nídìí. Á bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré, á máa lọ, á máa lọ, o ò ní mọ ìgbà tó parí. Mo bi bàbá ẹ pé, "Èwo lorin nínú èyí?"

Ó ní, "Bàámi, à ń wá nǹkan ni."

Mo ní, "Kí lẹ sọ nù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í mọ́.

Ìyá àgbà, ìyàwó mi, ò lè gbà á. Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í rí oorun ọ̀sán sùn. Ó ní, "Baálé mi, àwọn ọmọ yìí á kó kúrò ní yàrá yẹn, àbí kí n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ṣàgámù. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo rò ó. Bí wọ́n bá lé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, bàbá ẹ á tẹ̀ lé wọn. Òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti lọ sílùú òyìnbó, inú fóònù la ti ń rí wọn. Bí ìyá àgbà bá sì lọ ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ bá gbé? Mo kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

Nígbà tí ó rí i pé mi ò mú ọ̀kan, ó ní òun á lọ lé wọn fúnra òun. Ó wé gèlè, bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Mo tẹ̀ lé e, kọ́rọ̀ má baà le jù.

A dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ẹ dijú, gìtá ń ké. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àgbàrá wọ gbogbo àdúgbò wa. Ó wá dá orin pé, "Omi ti wọlé wa o." Ó dákẹ́. Ó tún dá a. Kò sẹ́ni tó gbè é.

Ọmọ mi, níbi tá a ti wá, èèyàn kì í dá orin kó má rẹ́ni gbè é. Ìtìjú ni fún ẹni tó bá dúró níbẹ̀. Ìyá àgbà ti lanu láti bú wọn. Ohun tó jáde ni, "Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù." Pẹ̀lú ohùn orin.

Bàbá ẹ lajú. Ó tún dá a, ìyá àgbà tún gbè é, inú ṣì ń bí i o. Ẹni tó ń lùlù wá fi ìlù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́wọ́ sókè bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn dúró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá ń gbọ́ firíìjì tó ń kùn nínú ilé.

Onílù ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Ta ni mọ́mì ẹ? Mo wá lé yín ni."

Bàbá ẹ ní, "Màámi, ẹ kọ́kọ́ gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá lé wa."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré o."

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn dìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà yẹn, orin wọn ti ní lílé, ó légbè, ó níbi tó ń parí sí. Ariwo gìtá yẹn ṣì wà, wọ́n ń fún un láyè tiẹ̀ láàárín, wọ́n á wá padà sí ègbè. Onílù ráhùn pé wọ́n ti sọ ọ́ di orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà ní, "Gbè é, má dá mi lóhùn." Kò lọ síbì kankan.

Wọ́n kọ orin yẹn níbi òde kan ní Àjàó Estate nígbà tó yá. Àwọn èèyàn tí ò mọ̀ wọ́n rí ló ń gbè é, bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. 

Báàgì tí ìyá àgbà ti dì sílẹ̀ de Ṣàgámù, òun náà ló tú u. 

Ó tó. Kà á sókè kí n gbọ́. Tó o bá dé ibi orin yẹn, fohùn orin kọ ọ́ dáadáa, ìyá àgbà wà ní kíṣìnì, á gbè é.