Tokuji àti Páìnì Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Gbogbo ìlú Omiya, ní Japan, ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Tokuji, bàbá tó ń tọ́jú igi kéékèèké inú ìkòkò tà, dìde láàárín ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àlùfáà ṣì ń ka àdúrà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá náà lọ bá igi páìnì kékeré tó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó ki ìka bọ inú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Ìyàwó wa, ta ló ń bomi rin igi yìí?"

Fusae, opó olóògbé, gbójú sókè. "Èmi ni. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Látìgbà tí Shigeo ti dùbúlẹ̀, mi ò gbàgbé rí."

"Ṣé ẹja ni?"

Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé òkú lọ sun, Tokuji ló yẹ kó gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání nínú mọ́tò. Ó gbé e fún ọkùnrin tó ń ta tófù ládùúgbò wa, ó sì gbé páìnì lé itan ara rẹ̀. Àwọn ẹbí bú u.

"Shigeo ò lè kú mọ́," ló wí. "Èyí ṣì lè kú."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti gba igi padà rí lọ́wọ́ oníbàárà tó ní òun fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ìta ni igi ń gbé, kì í wo fíìmù.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ páìnì náà kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Ó gé gbogbo èyí tó jẹrà, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ gbin ìyókù. Nígbà tó kan ẹ̀ka òsì tó ti gbẹ, Fusae di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Shigeo ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló kù fún mi."

"Ta ló ní mo fẹ́ gé e? Èyí tó bá kú lára igi, a máa ń bó èèpo rẹ̀ ni, á sì wà níbẹ̀. Àmọ́ gbé kẹ́tùlù omi yẹn jìnnà sí mi."

Ó bó o títí ó fi funfun bí eegun. Fusae ò lè wò ó. Kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Tokuji ń wá ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀. "Kò tíì fẹ́ omi," á wí, á sì máa lọ.

Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé Tokuji náà dè ní ọsibítù, Fusae lọ wò ó. Tokuji ò kí i. "Jẹ́ n rí ìka rẹ," ló wí. Nígbà tó rí yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sùn fọnfọn.

Ó kú kí òjò dídì tó yọ́, kò mọ̀ bóyá igi náà yè. Ó dùn wá gan-an.

Nígbà ìsìnkú rẹ̀, Fusae gbé páìnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ọ̀mùnú tútù ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka funfun náà. Bí àlùfáà ṣe ń ka àdúrà lọ, Fusae dìde, ó ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀, ó sì kọjú sí àwòrán Tokuji.

"Kò tíì fẹ́ omi," ló wí fún un.

Àlùfáà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la wá sunkún bàbá náà dáadáa.